Bí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣe ń wá owó lẹ́yìn tí òǹkàwé ti kó wọnú fóònù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fẹ́ńdọ̀ ti na pépà rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́bàá títì, ó ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á ka àkọlé ojú ewé kìíní, wọ́n á jiyàn lórí gómìnà àti Arsenal, wọ́n á sì bá tiwọn lọ láìra ẹyọ kan. Àwọn a-kà-má-rà wọ̀nyí, tí ìlú ń pè ní free readers, kì í bí oníwèé ìròyìn nínú tó bí èèyàn ṣe lè rò. Owó orí ẹ̀dà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí bébà, yíǹkì àti ọkọ̀ ti jẹ lọ. Ẹni tó ń polówó ọjà gan-an ló ń bọ́ ilé iṣẹ́, ojú àwọn tó ń kàwé sì ni wọ́n ń tà fún un. Nígbà tí àwọn ojú náà kó wọnú fóònù, olùpolówó bá wọn lọ.

Bébà ni ìnáwó tó ń dun oníwèé ìròyìn jù ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ Oku Iboku tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún irú bébà yìí ti dákẹ́ tipẹ́, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Bí náírà bá já lónìí, owó bébà á gbéra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dà kan kún iye tí wọ́n ń tẹ̀. Ojú ewé aláwọ̀ kan gba pléètì 4, ìyẹn àwo irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún ìyeyè, ọ̀kan fún dúdú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ètè gómìnà á di méjì nínú àwòrán, kí òṣìṣẹ́ sì tó tún un tò, bébà tó ti gba ẹ̀rọ kọjá ti di àdànù.

Àdànù tó tún ju ìyẹn lọ ni ẹ̀dà tí kò tà. Ká ní wọ́n kó 1,000 lọ sí ìlú kan, tí 350 padà wá. Owó bébà àti epo ọkọ̀ ti wọlẹ̀, ìwọ̀n kílò ni wọ́n á wá máa fi ta ìròyìn fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń bójú tó títà fi ń ka iye tó padà lójoojúmọ́, tó sì ń gé iye tí wọ́n ń kó lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó léwu láti gé e jù. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ fẹ́ńdọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bá pépà rẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ti àkókò tún wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù Champions League tó parí ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ kì í bá ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́nà jíjìn. Nígbà tí pépà bá fi máa dé Ìlọrin, gbogbo ayé ti wo góòlù náà lórí fóònù.

Kí ló wá dé tí wọn ò kúkú pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? The Independent ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2016, orí ayélujára nìkan ló wà láti ìgbà náà. Ní Nàìjíríà, òfin wà lára ohun tó gbé bébà ró. Òfin tó ń darí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007, ní kí iléeṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ pe àwọn agbaṣẹ́ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè méjì, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 6 kí àsìkò tí wọ́n fi ń gba ìwé àbá àwọn agbaṣẹ́ṣe tó parí. Ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, náà gbọ́dọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè wí tẹnu rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ìyàwó tuntun tó ń yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà nílò ẹ̀dà pépà tí yóò mú lọ sí báńkì. Ọmọ olóòkú náà fẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀ lójú ewé odindi, èyí tí wọ́n lè gbé pamọ́. Kò sí èyí tó kan bóyá ènìyàn ka ìròyìn ojú ewé 7. Pépà ti ń di ibi ìkéde tí ìròyìn ń bá rìn.

Lórí ayélujára, ìṣirò mìíràn ni. Bí òǹkàwé bá tẹ àkọlé kan, kí ojú ewé náà tó ṣí tán, àwọn kọ̀ǹpútà ti ná àlàfo ìpolówó tó wà níbẹ̀ láàárín ara wọn, ẹni tó dá owó tó ga jù ló gbà á, àwọn alágbàtà àárín á sì yọ tiwọn. Iye ìgbà tí ìpolówó hàn ni wọ́n ń ṣírò, 1,000 sí 1,000. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán wò ó: ènìyàn 20,000 ka ìròyìn kan, ìpolówó 3 wà lójú ewé náà, ìyẹn 60,000. Bó bá jẹ́ ₦500 ni 1,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ìkéde òkú olójú ewé kan á gbọ́n ìyẹn dànù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á gé ìròyìn kan sí mẹ́fà, wọ́n á fi àkọlé tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tan èèyàn wọlé, wọ́n á tún fi ìpolówó dí ojú ewé pa. Àwòrán tí wọ́n gbé tààrà láti inú kámẹ́rà lè tó 4MB, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dín in kù sí píksẹ́ẹ̀lì 1,200 ní fífẹ̀, kò yẹ kó ju bíi 150KB lọ. Ẹni tó ń fi dátà rẹ̀ ka ìròyìn nínú ọkọ̀ kò ní dúró de 4MB.

Ọ̀nà tí òǹkàwé ń gbà wọlé gan-an kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Facebook gbé Instant Articles, ọ̀nà láti ka ìròyìn nínú Facebook fúnra rẹ̀, jáde ní 2015, ó kó o kúrò ní 2023. Ní oṣù kìíní 2018 ó kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun yóò máa fi hàn ṣáájú, ni àwọn tó ń wọ ìkànnì ìròyìn láti ibẹ̀ bá dín kù. Ní Kánádà, láti oṣù kẹjọ 2023, kò fàyè gba ìròyìn mọ́ rárá nítorí òfin tó ní kó sanwó fún un. WhatsApp náà fòfin de fífi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu láti oṣù Kejìlá 2019. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo ìyẹn.

Síbẹ̀, èyí tí The Continent ṣe ní Gúúsù Áfíríkà wuni. Láti oṣù kẹrin 2020 ni wọ́n ti ń ṣe ìwé ìròyìn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi PDF, wọ́n tò ó kí ojú lè kà á lórí fóònù láìfẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tó fúnra rẹ̀ béèrè. Ó ní ojú ewé kìíní, ó sì ní ojú ewé ìkẹyìn: èèyàn lè kà á tán. Ọ̀fẹ́ ni, owó àwọn olùrànlọ́wọ́ ló sì ń gbé e ró jù.

Àwọn tó fẹ́ kí òǹkàwé sanwó ń mọ ògiri. The New York Times bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹta 2011: ìròyìn 20 lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù, ó di 10 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di 5 ní ìparí 2017. Fáìlì kékeré kan tí ìkànnì náà fi sínú fóònù ló ń ka iye tí èèyàn ti kà. Ẹni tó bá pa fáìlì náà rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń béèrè ímeèlì kí èèyàn tó wọlé. Èyí tó le ni gbígba owó oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ tó ń jábọ́ kò bínú sí pépà rárá: káàdì wọn ló ti kú, tàbí owó ò sí ní báńkì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Ètò tó dáa á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á sì kọ̀wé ṣáájú kí káàdì tó kú. Láti mú àwọn èèyàn dúró, The New York Times ra Wordle, eré wíwá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, ní oṣù kìíní 2022. Ẹni tó kúrò nídìí ìròyìn á ṣì padà wá nítorí lẹ́tà márùn-ún.

Ìwé ìròyìn Yorùbá ní wàhálà kan tí ti òyìnbó kò ní. Lẹ́tà «ẹ́» kò sí lódindi nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè. «Ẹ» dá wà, àmì òkè á wá gùn ún. Ẹlòmíràn tẹ «é» ṣáájú, kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú ò lè yà wọ́n, kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì àfi tí ìkànnì bá sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tó bá Unicode mu, kó tó tọ́jú rẹ̀. Fọ́ǹtì àtijọ́ tún burú jù: àwọn kan fi ẹ rọ́pò àmì mìíràn, tí wọ́n bá ṣẹ̀dà ìròyìn náà láti inú pépà sórí ìkànnì, rúdurùdu ló máa dà. Òǹkàwé tó ń wá nǹkan lórí Google kì í sì fi àmì sí i, nítorí náà, líǹkì kò gbọdọ̀ ní àmì, àkọlé ló gbọ́dọ̀ ní in. Bí wọ́n bá kọ «Oko iyawo ja si koto» láìsí àmì, òǹkàwé ní láti ṣí i kó tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ ìyàwó ló wà nínú kòtò àbí ọkọ ìyàwó.