Pẹ́ńtì tó ki kọ́ ni pẹ́ńtì tó dáa

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtì èyíkéyìí ní Sábọ̀ tàbí lọ́nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, ẹ ní ẹ fẹ́ ra emulsion tẹ́ ẹ máa fi kun páálà. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ṣe fún yín ni pé wọ́n á ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti igi bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé igi yẹn sókè, pẹ́ńtì á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní tètè já bọ́, wọ́n á wá ní "Ẹ wo bó ṣe ki! Eléyìí gba omi gan-an o, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì." Oníbàárà á mi orí, á sanwó, á gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé láńlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń bèèrè igi báyìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba torí owó àwọn èèyàn ló ń bá a lọ: kíki pẹ́ńtì ò lè sọ fún yín bóyá ó máa bo ògiri, kò sì lè sọ fún yín bóyá ó máa pẹ́ lórí ògiri. Ohun tó ń mú un ki yàtọ̀ pátápátá sí ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ra pẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ ká tú inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò. Omi pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ò lábùkù, bí emulsion ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á da titanium sí i, ìyẹ̀fun funfun tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń bo àwọ̀ àtijọ́, òun náà ló sì wọ́n jù nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lò. Wọ́n á da calcium sí i, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, kò wọ́n rárá. Wọ́n á da gọ́ọ̀mù sí i, àwọn tó ń po pẹ́ńtì ń pè é ní PVA tàbí acrylic, gọ́ọ̀mù yìí ló ń so àwọn ìyẹ̀fun yẹn pọ̀ tó sì ń dè wọ́n mọ́ ògiri. Kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó rà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni natrosol dé.

Natrosol yìí, ara igi tàbí òwú ni wọ́n ti ń yọ nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìyẹ̀fun ni. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi, ẹ rò ó dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, omi yẹn á di nǹkan tó ń yọ̀ tó sì ki. Omi lásán o! Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè fi omi, ẹfun àti natrosol po nǹkan tó máa ki ju pẹ́ńtì tó wọ́n jù lọ nígboro, kó má sì sí gọ́ọ̀mù tó nílárí nínú ẹ̀, kí titanium ibẹ̀ má ju kéréje lọ. Bí ẹni tó po ẹ̀kọ mọ́ ọbẹ̀ kó lè ki ni, ọbẹ̀ á ki lóòótọ́, ẹran inú ẹ̀ ò tìtorí ẹ̀ lé ẹyọ kan.

Mi ò sọ pé natrosol ò dáa o. Òun ni kì í jẹ́ kí pẹ́ńtì máa ṣàn wálẹ̀ lójú ògiri, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun tètè rì sísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń lo irú ẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Kò lè ṣe iṣẹ́ titanium, kò lè ṣe iṣẹ́ gọ́ọ̀mù.

"Ó gba omi" yẹn ló ń dùn mí jù. Tí natrosol bá pọ̀ nínú pẹ́ńtì, tẹ́ ẹ bu omi lítà 6 lé lítà 20, ó ṣì máa ki lójú, inú yín á dùn pé ẹ ti jèrè lítà 6, àmọ́ titanium tó wà níbẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ káàkiri ògiri ni. Ọ̀pọ̀ emulsion tó dáa, omi lítà 1 sí 2 lórí lítà 20 ti tó o, pàápàá fún kóòtì àkọ́kọ́ kí ògiri lè mu ún dáadáa, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má ka ojú ẹni tó ń tà á.

Ẹ tún wá wo bí ẹfun ṣe ń tan èèyàn, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó: afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, omi jẹ́ 1.33, gọ́ọ̀mù inú pẹ́ńtì wà ní nǹkan bí i 1.5, ẹfun nǹkan bí i 1.6, titanium sì tó 2.7. Bí nọ́ńbà ìyẹ̀fun bá ṣe jìnnà sí ti ohun tó yí i ká ló ṣe máa bo ògiri tó. Ẹfun ò jìnnà sí gọ́ọ̀mù, torí náà tí gọ́ọ̀mù bá bò ó dáadáa ńṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláìrí. Titanium ní tiẹ̀ jìnnà gan-an, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ nínú ẹ̀ fi ń bo ohun tí ẹfun rẹpẹtẹ ò lè bò.

Báwo wá ni pẹ́ńtì ẹlẹ́fun ṣe ń funfun báláú tó bá gbẹ? Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ò tó, nígbà tí omi bá gbẹ tán, àlàfo kéékèèké á ṣẹ́ kù láàárín ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ á kún ibẹ̀, afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, ẹfun jẹ́ 1.6, ó ti jìnnà nìyẹn, ògiri á funfun. Ẹ wá fi omi kàn án. Tí wọ́n bá kun funfun lé búlúù àtijọ́, ẹ ki ọwọ́ yín bọ omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yẹn, ẹ gbé e kúrò. Omi á wọ inú àlàfo, afẹ́fẹ́ á jáde, búlúù tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti bò á yọjú síta ní àpẹẹrẹ àtẹ́lẹwọ́ yín, ìka márààrún. Tó bá gbẹ, á tún sá pa mọ́. Gbogbo emulsion tí kò dán ló máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ tí omi bá kàn án, ìyẹn ò burú, àmọ́ kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ jáde wá kí yín, ẹfun lẹ rà.

Àìtó gọ́ọ̀mù yìí kan náà ló fà á tẹ́ ẹ fi máa fara ti ògiri pẹ́ẹ́, tẹ́ ẹ bá dìde ẹ̀yìn aṣọ yín á funfun. Àwọn tẹ́náńtì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n kó wọlé, ilé ń rùn pẹ́ńtì tuntun, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ ògiri, láàárọ̀ ìyẹ̀fun ti wà lórí béèdíṣíìtì, ọmọ sì ti fọwọ́ ọlọ́bẹ̀ kan ògiri, tí wọ́n bá ní kí wọ́n nù ún, pẹ́ńtì ló máa bá àkísà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ wàyí. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 12 lóròó, tí gíga ẹ̀ jẹ́ 10, ògiri ẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 44, tẹ́ ẹ bá yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò ká sọ pé ó ku 40. Emulsion tó dáa, lítà kan máa ń kun bí i mítà 10 sí 12 fún kóòtì kan. Kóòtì méjì á jẹ́ mítà 80, lítà 8 nìyẹn, ìyẹn gálọ́ọ̀nù oní-lítà 4 méjì péré. Èyí tí wọ́n fi ẹfun pò tó máa gba kóòtì mẹ́rin, mítà 160 nìyẹn, tí lítà kan ò bá sì ju mítà 7 lọ ẹ máa lo lítà 23, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ò tó. Owó tí mo fẹ́ dá yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o: tí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa bá jẹ́ ₦60,000, lítà kan jẹ́ ₦3,000, yàrá yẹn á gbà ₦24,000. Tí ẹlẹ́fun bá jẹ́ ₦25,000, lítà kan jẹ́ ₦1,250, lítà 23 á jẹ́ ₦28,750. Èyí tó pọ́ọ́kú ló wá wọ́n jù, a ò tíì ka owó iṣẹ́ pẹ́ńtà fún kóòtì méjì tó lé, a ò tíì sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ẹ tún máa kun ún.

Èyí ò wá ní kẹ́ ẹ sáré lọ ra èyí tó wọ́n jù o. Àwọn tó ń po pẹ́ńtì ládùúgbò wà tí nǹkan wọn dáa gan-an, owó ìpolówó ò sí lórí ẹ̀. Ẹ wo àmì MANCAP lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àmì tí SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, ń fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, kò parí ọ̀rọ̀ àmọ́ ó dáa ju pé kó má sí lọ. Kíṣìnì àti ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, satin, èyí tó ń dán díẹ̀, ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀ torí ó ṣeé nù, ojú ògiri tí kò jọ̀lọ̀ ni kẹ́ ẹ lo matt, èyí tí kò dán, fún. Òórùn tó le ò túmọ̀ sí agbára, tó bá sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó ti rà nìyẹn, ẹ gbé e padà. Gloss, ìyẹn pẹ́ńtì olóróró tó ń dán, tó bá jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò tàbí pupa tó tàn yòò, ẹ bèèrè bóyá òjé wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kun ún sí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu.

Fún àwa tá a wà nítòsí ọ̀sà, ní Báyékù, Ẹ̀bútè, àti gbogbo ibi tí omi ò jìn sílẹ̀, nǹkan míì tún wà. Ògiri tó ń wú láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, tí iyọ̀ funfun ń hù lára ẹ̀ bí òwú, pẹ́ńtì tó ki ò ní dá a dúró. Omi ló ń gba inú búlọ́ọ̀kù gòkè, á ti pẹ́ńtì kúrò látẹ̀yìn bó ti wù kó ki tó. Ẹ wá orísun omi yẹn lọ ná, bóyá páìpù ló ń jò tàbí gọ́tà ló ń da omi sídìí ilé, ẹ ha ògiri, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú. Ilé tuntun náà, ẹ fún pilásítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ gọ́ọ̀mù PVA, acrylic ló lè fara dà á díẹ̀.

Ohun tó yẹ kó rọ́pò igi wọn yẹn nìyí. Ẹ ra èyí tó kéré jù nínú pẹ́ńtì méjì tẹ́ ẹ ń rò. Ẹ wá páálí funfun, ẹ fi máàkà dúdú fa ìlà gbọọrọ tó nípọn lé e, ẹ kun pẹ́ńtì kan sápá ọ̀tún, ìkejì sápá òsì, bí wọ́n ṣe gbé e jáde láìfi omi sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kun, kẹ́ ẹ máa ka kóòtì tó gbà kí ìlà dúdú yẹn tó pòórá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àkísà tó tutù ra ibẹ̀ nígbà 20 kẹ́ ẹ wo èyí tó ṣí. Tí pẹ́ńtà bá dé tó ní èyí tẹ́ ẹ rà ò ki tó, ẹ gbé páálí yẹn fún un kó fi omi nù ún fúnra ẹ̀.