Ẹṣin Tó Sanra Jù: Ebi Kọ́ Ni Ìwòsàn Rẹ̀

"Bó bá ti sanra jù, ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ." Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹṣin. Ó máa ń le sí i lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí Ojúde Ọba bá ti kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹṣin tí wọ́n bọ́ dáadáa fún ọjọ́ ọ̀ṣọ́ padà sí ìdí òpó, tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, tí dùsà (èérí ọkà) sì ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń dá ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ẹṣin náà, ó fẹ́ kó fúyẹ́, ohun tó lè pa á ló sì ń sọ yẹn.

A ò ní pẹ́ lórí bí a ṣe ń mọ ẹṣin tó sanra jù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á níhà: ó yẹ kí ọwọ́ yín lè ka egungun ìhà láì tẹ̀ ẹ́. Bó bá di pé ẹ ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó bá egungun, tí ọrùn lábẹ́ gọ̀gọ̀ ti le tàbí tó ti ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀rá rírọ̀ sì ti yí ìdí ìrù ká, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Lórí òṣùwọ̀n 1 sí 9 tí Don Henneke, onímọ̀ nípa ẹṣin, gbé jáde ní Texas lọ́dún 1983, 5 ló dára. Irú ẹṣin yìí ti wà ní 8 tàbí 9.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà ni ọ̀rọ̀ ebi. Wọ́n ń fi ara tiwọn wé ti ẹṣin: èèyàn ń gba ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, kò kú, ó tún fúyẹ́. Àpòlúkù ẹṣin yàtọ̀. Kì í dúró de oúnjẹ kó tó tú omi kíkan rẹ̀ jáde. Tọ̀sán-tòru ló ń tú u. Itọ́ ló ń pa oró omi kíkan yẹn, itọ́ ẹṣin kì í sì í dà àfi tó bá ń rún nǹkan lẹ́nu. Ẹṣin tó wà ní pápá lè fi wákàtí 16 nínú 24 jẹko. Ẹ wá so ó láàárọ̀ títí di ọ̀la láìsí koríko: itọ́ ò sí, koríko tí ì bá léfòó lórí omi náà ò sí, apá òkè àpòlúkù tí kò ní ohun tó bò ó ni omi kíkan yóò máa jó. Bí ọgbẹ́ inú ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí i tó ń gé òpó jẹ, tó ń ṣa iyanrìn àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ jẹ, inú rírun á sì tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ti ẹ̀dọ̀ ló burú jù.

Òótọ́ ni pé ara ẹṣin tí ebi ń pa máa ń fa ọ̀rá yọ níbi tó kó o pa mọ́ sí. Àwọn tó ń dá ìmọ̀ràn yìí rò pé ọ̀rá tó bá ti yọ ti jóná nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ bá ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ṣiṣẹ́ lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá dúró lójijì, ọ̀rá á ya lọ síbẹ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè gbé lọ. Á kún inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, ìyókù á máa yí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà ẹranko bá fa ẹ̀jẹ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sínú ìgò kékeré, tó gbé e kalẹ̀ títí tí pupa rẹ̀ fi rọlẹ̀ sí ìdí ìgò, omi tó kù lókè kì í mọ́ gaara mọ́. Á funfun bí omídùn orí ògì. Hyperlipaemia ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ẹṣin á sorí kọ́, á kọ oúnjẹ, kódà bẹ́ ẹ bá ti padà gbé koríko síwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bá a lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń tètè mú, àti ẹṣin kúkúrú, àti abo tó lóyún, àti èyí tó sanra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Bí ọ̀rá ṣe pọ̀ lára ẹṣin tó ni ewu ebi ṣe pọ̀ fún un tó.

Oúnjẹ ni yóò mú un fúyẹ́, oúnjẹ tí a wọ̀n. Èyí gan-an ni ìmọ̀ tó ṣọ̀wọ́n. "Ìdì kan láàárọ̀, ìdì kan nírọ̀lẹ́" kò sọ nǹkan kan fún wa, torí ìdì ẹni tó gé e lónìí yàtọ̀ sí tàná. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹṣin ṣe wúwo tó. Ẹ fi téèpù aránṣọ yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kẹ́ ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Àyà lọ́nà àyà, lọ́nà gígùn, kẹ́ ẹ wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 155, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 150, wúwo tó kílò 303. Ìṣirò yìí kò péye bí òṣùwọ̀n gidi, àmọ́ ó sàn ju ojú lásán lọ.

Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yẹn ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, bíi kílò 4.5. Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ti ń wọlé: kílò 4.5 yẹn jẹ́ ti oúnjẹ tí kò sí omi nínú rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ koríko gbígbẹ, nǹkan bíi kílò 5 ni. Bó bá jẹ́ koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, torí náà ó máa tó kílò 18. Ẹni tó gbọ́ "kílò 5" tó wá wọn kílò 5 koríko tútù ti fi ebi pa ẹṣin rẹ̀ láìmọ̀.

Ọkà bàbà, àgbàdo àti búrẹ́dì gbọ́dọ̀ kúrò. Ti dùsà àti èérí àlìkámà máa ń fa àríyànjiyàn, torí wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn sì rò pé wọn ò lè mú ẹṣin sanra. Agbára tó wà nínú kílò kan wọn ju ti koríko gbígbẹ lọ. Phosphorus wọn pọ̀, calcium tí egungun nílò kéré nínú wọn, ẹṣin tó bá ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ sì lè di ẹni tí egungun ojú rẹ̀ ń wú. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ dára, ṣùgbọ́n ó lágbára. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ lọ. Ẹ má já gbogbo oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ gbà lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni kẹ́ ẹ fi dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dín ṣúgà inú koríko gbígbẹ kù, ẹ wọ̀n ọ́n ná, kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Nínú ooru tiwa, kó má sun omi mọ́jú, á kan. Ẹ da omi náà nù. Kí ẹṣin má mu ún. Èròjà ara àti iyọ̀ díẹ̀ á bá omi lọ, torí náà ẹ wá oúnjẹ èròjà tí wọ́n ṣe fún ẹṣin, bíi gíráàmù 100 fún kílò 100 ìwọ̀n ara, kẹ́ ẹ sì gbé iyọ̀ lílá sítòsí. Ẹ pín koríko sí ọ̀nà mẹ́rin, kí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti alẹ́, nínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kó lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí fà á yọ.

Bó bá ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́sẹ̀, ó ti tó. Fún ẹṣin yìí, kílò 3 ni, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ò lè fi dá gbogbo ẹṣin lójú. Ti àwọn kan kì í yí padà pẹ̀lú oúnjẹ ìdá 1.5 yẹn, dókítà lè sọ ọ́ di 1.25 tàbí 1, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló fà á: insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tó ga jù, tàbí Cushing, àrùn tó ń da àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ rú, lára ẹṣin tó ti lé lọ́dún 15, tí irun rẹ̀ ń gùn tí kì í re. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ èyí.

Ìrìn kíákíá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ á ràn án lọ́wọ́, àfi bí pátákò rẹ̀ bá gbóná, tó ń fi gìgísẹ̀ dúró, tí kò fẹ́ yí padà lórí ilẹ̀ líle. Laminitis, àrùn inú pátákò, nìyẹn, ẹ má gùn ún rárá. Bí ẹṣin tó sanra bá sì kọ koríko láti àárọ̀ dé ọ̀sán nígbà tẹ́ ẹ ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́sàn-án yẹn, kẹ́ ẹ ní kó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.