Ìdí tí bàálù Àbújá sí Ìbàdàn fi ní fáànù níta

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Kubwa àti Lugbe ní Àbújá, ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀ nígbàkígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé: èéṣe tó fi jẹ́ pé bàálù ńlá ló ń gbé wa lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n bí ó bá di Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, ọkọ̀ kékeré tí fáànù ń yí lápá rẹ̀ ni a sábà máa ń bá pàdé?

Ìbéèrè: Ṣé bàálù àtijọ́ ni wọ́n kó fún wa ni?

Rárá o. ATR ni èyí tí a máa ń rí jù. Iléeṣẹ́ tí àwọn ará Faransé àti Ítálì jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1981 ló ń ṣe é ní ìlú Toulouse, wọ́n sì ń ṣe tuntun jáde títí di òní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti bàálù ńlá: ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń fún un pọ̀, ó sì ń fi epo dáná sí i. Fáànù wà lára bàálù ńlá pẹ̀lú. Inú ohun tó dà bí àgbá yẹn ló fara pamọ́ sí, nígbà tí ti ATR wà ní gbangba, tí abẹ rẹ̀ sì gùn.

Ìbéèrè: Àbí títì ìbalẹ̀ wọn ló kúrú?

Ti Ìlọrin gùn ju kìlómítà 3 lọ, bàálù ńlá sì ti ń kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà láti ibẹ̀. Iye èrò ni ọ̀rọ̀ wà. ATR 42 kì í gbà ju nǹkan bí èèyàn 48 lọ, ATR 72 ń gba nǹkan bí 70, ṣùgbọ́n Boeing 737 ń gbà ju 100 lọ. Bí èèyàn 40 péré bá ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá fi Boeing kó wọn dà bí ẹni tó gbé mọlúè jáde nítorí èrò mẹ́fà. Yàtọ̀ sí èyí, bàálù ńlá ń jẹ epo púpọ̀ nígbà tó bá ń gòkè, Ìlọrin kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 300 sí Àbújá. Kò ní pẹ́ lókè tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. ATR kì í kọjá 25,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 500 ní wákàtí kan, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni bàálù ńlá yóò fi ṣíwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló la irú ọ̀nà yìí?

Iléeṣẹ́ Overland Airways, tí awakọ̀ òfurufú Edward Boyo dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó mú un ní ọ̀kúnkúndùn, tó ń so Àbújá mọ́ àwọn ìlú tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò kà sí. Àwọn ará Kánò gba ọ̀nà mìíràn ní tiwọn: Kabo Air, tí Alhaji Adamu Dankabo dá sílẹ̀ ní 1980, bàálù ńlá ló gbájú mọ́, ìrìn-àjò Hájì sì ni ó wá di òkìkí rẹ̀. Overland náà ti ń na ọwọ́ síwájú, nítorí ní 2021 ó bẹ Embraer ti ilẹ̀ Bùràsíìlì níṣẹ́ E175 mẹ́ta, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìjókòó 88, tí kò sì ní fáànù níta.

Ìbéèrè: Bí ọkọ̀ bá kéré, kí ló dé tí owó rẹ̀ kò kéré?

Èyí ló máa ń bí àwọn ènìyàn nínú jù, mi ò sì bá wọn wí. Awakọ̀ méjì ni òfin ń béèrè, ìbáà jẹ́ èrò 48 tàbí 150. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun èlò àtúnṣe, ìdá 5 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò òfurufú. Gbogbo ẹrù yìí ni orí díẹ̀ yóò pín rù.

Ìbéèrè: Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ń ké, fáànù rẹ̀ kò yí. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bíréèkì ni wọ́n fi dá fáànù náà dúró, kí ẹ́ńjìnnì lè máa pèsè iná àti afẹ́fẹ́ tútù nígbà tí èrò ń wọlé.

Ìbéèrè: Èéṣe tí ti ìrọ̀lẹ́ fi máa ń di ọjọ́ kejì?

Púpọ̀ nínú pápákọ̀ kéékèèké ni kì í gba bàálù mọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bàálù kan ṣoṣo sì lè ní ìlú mẹ́rin láti dé lọ́jọ́ kan, nítorí náà bí ọyẹ́ bá dá a dúró ní Àbújá láàárọ̀, ìlú tó gbẹ̀yìn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.