Binaural: bí ọ́pẹ́rà ṣe ń kúrò ní gbọ̀ngàn bọ́ sínú etí méjì

Ẹni tó ń rìn lẹ́bàá títì ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì, kò ní láti wẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé ọ̀kadà ń bọ̀. Etí ti sọ fún un pé ẹ̀yìn ló wà, pé ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ gbà kọjá, pé kò tíì dé tòsí. Ẹsẹ̀ á ti yà sí òsì kí ọlọ́kadà tó fọn fèrè. Binaural ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fún ọ̀nà ìgbohùnsílẹ̀ tó ń fara wé iṣẹ́ etí yìí: wọ́n á gba ohun tí etí ọ̀tún ìbá gbọ́ lọ́tọ̀, wọ́n á gba ti òsì lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ki íápíìsì bọ etí lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ bíi pé òun alára ló dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ agbo ọ́pẹ́rà báyìí. Ọ́pẹ́rà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa eré olórin Ogunde tàbí ti Dúró Ládiípọ̀ ti mọ̀ pé orin lè gbé ìtàn láti orí dé ìdí. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé àwọn kan ń mú ọ́pẹ́rà àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń tún un tò fún ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú íápíìsì rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé máìkì síwájú ìtàgé o. Èyí tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí èèyàn máa gbọ́ àríyá láti òdìkejì ògiri.

Báwo tiẹ̀ ni etí ṣe ń mọ ibi tí ohùn wà? Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹnì kan bá pè yín lápá ọ̀tún, ìpè náà á kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún, kó tó yí orí po dé ti òsì. Àlàfo àárín wọn kéré púpọ̀: ibi tó pọ̀ dé jù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,500 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Èkejì ni pé orí fúnra rẹ̀ ń dí ohùn lọ́nà. Ohùn tó rinlẹ̀ bíi ti ìyá ìlù á rá yí orí ká wọ etí kejì, àmọ́ ohùn tínrín bíi ti ṣaworo, kó tó dé ọ̀hún, agbára rẹ̀ ti dín kù. Ẹ̀kẹta wà lára etí tó yọ síta. Gbogbo kọ́lọkọ̀lọ inú rẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń yí bí ohùn ṣe ń dún padà díẹ̀, bó bá ṣe òkè ló ti wá, tàbí iwájú, tàbí ẹ̀yìn.

Ìsúnmọ́ ní àmì tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù. Bí olórin bá dúró ní mítà mẹ́ta sí yín, ohùn tó dé etí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní agbára, àfi ìwọ̀nba tí orí dí. Kó wá sún mọ́ yín, kó gbé ẹnu sí ẹ̀bá etí òsì, kí àárín wọn má ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan lọ: etí òsì á kún, ọ̀tún á fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan. Irú ìyàtọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ láyé yìí àfi tí ohun tó ń dún bá wà nítòsí gan-an, ọpọlọ sì mọ̀. Ẹ ó tún gbọ́ èémí, ẹ ó gbọ́ bí ètè ṣe ń já kúrò lára ètè, ìró tó máa ń ta padà lára ògiri yàrá á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Tí máìkì bá gba gbogbo èyí, ara olùgbọ́ á bù mọ́ ọn, kódà bó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà n'Ìkẹ́rẹ́. Kò sí bí a ṣe lè ká sípíkà sókè tó tí yóò ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé stereo náà nìyẹn, torí òun náà ní òsì àti ọ̀tún. Rárá. Sípíkà méjì tó dúró níwájú yín ni wọ́n ṣe stereo fún. Tí ẹ bá fi íápíìsì gbọ́ ọ, àwọn akọrin á tò sínú agbárí yín láti etí kan dé èkejì. Binaural ń gbé wọn jáde síta, kí wọ́n yí yín ká. Àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ máa ń lo ère orí èèyàn tó ní etí méjì, pẹ̀lú máìkì nínú ihò etí kọ̀ọ̀kan. Ní 1973 ni ilé iṣẹ́ Neumann ní Jámánì gbé irú orí tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a á há máìkì kékeré méjì sí etí ara rẹ̀, tàbí kó gba ohùn lásán ní situdíò, kí kọ̀ǹpútà sì bá a fi àmì ibi tí ohùn wà sí i.

Kì í sì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1881, níbi àfihàn iná mànàmáná ní Paris, Clément Ader, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, to ẹ̀rọ tẹlifóònù sí iwájú ìtàgé ilé ọ́pẹ́rà ìlú náà, ó sì fa wáyà rẹ̀ dé gbọ̀ngàn àfihàn. Olùgbọ́ á gbé ọ̀kan sí etí òsì, á gbé òmíràn sí ọ̀tún. Bí akọrin bá rìn kọjá lórí ìtàgé, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń kọjá. Wọ́n padà sọ ọ́ di òwò tí wọ́n pè ní Théâtrophone, tó ń gbé eré wọ ilé àwọn tó rówó san títí di 1932.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù kò sí lọ́wọ́ máìkì, ọ̀dọ̀ akọrin ló wà. Nígbà tí Monteverdi, ọmọ Ítálì tó ń ṣe àkọsílẹ̀ orin, gbé ọ́pẹ́rà rẹ̀ lórí ìtàn Orfeo, olórin inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, jáde ní Mantua, ní Ítálì, ní 1607, yàrá kan láàfin ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1637 ni Venice ṣí ilé ọ́pẹ́rà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni tó bá rówó tíkẹ́ẹ̀tì lè wọ̀. Láti ìgbà náà ni gbọ̀ngàn ti ń fẹ̀ sí i. Metropolitan Opera ní New York nìkan ní àga tó tó nǹkan bíi 3,800, akọrin ibẹ̀ kì í sì í lo máìkì. Wọ́n ń kọ́ ọ̀nà ọ̀fun láti kó agbára ohùn jọ sí àyíká Hertz 3,000 (ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí agbára fayolíìnì àti fèrè ti lọ sílẹ̀, kí orin lè yọ lórí wọn. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ẹ gbé ohùn tí wọ́n kọ́ láti kún gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀bá etí ẹnì kan, olúwa rẹ̀ á já íápíìsì kúrò ni. Akọrin ní láti tún orin náà kọ́ lọ́tun, kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣíwájú ohùn. Àwọn ohun èlò náà á dín kù.

Mo fẹ́ràn ìtàn Orfeo fún irú iṣẹ́ yìí, torí ẹ̀yìn ni gbogbo ewu rẹ̀ wà. Ejò ṣán Euridice ìyàwó rẹ̀, ó kú. Orfeo fi orin wọ ìlú àwọn òkú, wọ́n ní kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ, pẹ̀lú èèwọ̀ kan: kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ibì kan wà nínú ìwé orin Monteverdi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ariwo dún lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Ariwo yẹn ló já Orfeo láyà tó fi yíjú, tó sì pàdánù ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì. Ní Mantua, iwájú àwọn olùwòran ni ariwo náà ti dún, torí ibẹ̀ ni aṣọ ìtàgé wà. Nínú binaural, olùgbọ́ gan-an á di Orfeo. Ẹsẹ̀ Euridice á máa tẹ ewé gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀: ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kẹ́kẹ́ pa, ìgbésẹ̀ kan. Kò sọ̀rọ̀. Lójijì, gbàgà! lápá òsì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá yíjú ti jẹ èèwọ̀ nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n ṣe é l'Ékìtì, Yorùbá ni mo máa fi ṣe é. Nínú eré náà, ọ̀rẹ́ Euridice kan ló wá jíṣẹ́ ikú rẹ̀, ohùn tó fi jẹ́ ẹ sì wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin. Àwọn obìnrin Èkìtì tó ń ṣe alámọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn níyẹn. Kí ẹni tó ń dá a jókòó sí ẹ̀bá etí ọ̀tún, kó máa sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí àwọn elégbè dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn, bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá. Kò ní sí orin àjèjì tí yóò sọ dò di mí mọ́ wọn lẹ́nu.

Fún odò tí Orfeo ní láti sọdá kó tó dé ìlú àwọn òkú, mi ò ní wá ìró omi lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí Ìkògòsì wà níbẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé. Ẹni tó bá dúró síbi ìpàdé wọn pẹ̀lú máìkì méjì létí á ní ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Kó lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn tó ń ṣe fàájì tó dé, torí irú máìkì yìí kì í ṣa ohùn: ẹyẹ, jẹnẹrétọ̀, ẹjọ́ àwọn ọmọléèwé, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Kó má sì yíjú o. Tó bá yíjú pẹ́rẹ́n, odò á yí po létí olùgbọ́.

Ó ní ibi tó kù sí. Etí lágbájá ò rí bíi ti tàmẹ̀dù, torí náà ohùn tí a fi síwájú lè dún lẹ́yìn fún ẹlòmíràn. Sípíkà ń bà á jẹ́, nítorí ohun tó wà fún etí ọ̀tún á tún wọ ti òsì. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù tí wọ́n ti yí sí mono, tó ń fi ohùn kan náà ránṣẹ́ sí etí méjèèjì. Ọ̀rẹ́ méjì tó pín íápíìsì kan nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ìwọ, ọ̀kan fún èmi, kò sí èyí tó gbọ́ eré náà nínú wọn. Mo fẹ́ kí irú eré bẹ́ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tí yóò sọ "òsì" sí etí òsì, kó sọ "ọ̀tún" sí etí ọ̀tún, kí ẹni tó fi íápíìsì sódì lè tètè yí i padà kí orin tó bẹ̀rẹ̀.