Ìfàlélọ́wọ́ ni rìfáà, kì í ṣe ìtọ́kasí

Tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà bá ṣe ìpàdé tán, tí wọ́n ka àtẹ̀jáde wọn síta fún ìjọba, owó oṣù ni àwọn oníròyìn Àkúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbé, wọ́n á wá gbé ti àwọn dókítà tó ń fò lọ sílùú òyìnbó tẹ̀ lé e. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn dókítà ń bèèrè fún, tí àwọn oníròyìn kì í mọ bí wọn yóò ṣe gbé e kalẹ̀. Òun ni gbogbo ará ìlú ń pè ní rìfáà, ìyẹn "referral" òyìnbó: kí ilé ìwòsàn kan rán aláìsàn lọ sí ọsibítù mìíràn. "Wọ́n ti rìfáà ìyàwó mi lọ sí Ọ̀wọ̀." Ọ̀rọ̀ owó oṣù yé tọmọdé tàgbà. Rìfáà ni kò yéni, ẹ̀bi àwa tí a ń fi Yorùbá jẹun sì ni.

Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é lórí rédíò. Ẹnìkan ní "ìtọ́kasí". Ìtọ́kasí kẹ̀? Ẹni tó tọ́ka ọ̀nà fún àlejò ti ṣe tirẹ̀ tán. Bí àlejò dé ibi tó ń lọ, bí kò dé e, kò kàn án mọ́. Ẹlòmíràn ní "ìdarí aláìsàn", bí ẹni pé ọlọ́pàá ojú pópó ni nọ́ọ̀sì. Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ìwé pélébé kan tí wọ́n pín fún àwọn aboyún, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára wọn, kí wọ́n "béèrè fún ìgbéga". Ìgbéga! Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ni aboyún ni, tí àsìkò tó fún un láti gun orí ìpele mìíràn?

Ìfàlélọ́wọ́ ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Àwọn kan ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní olè là ń fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, aláìsàn kò sì jalè. Mo ní ṣé olè nìkan la máa ń fà lé èèyàn lọ́wọ́ ni? Wọn ò tíì débi ìgbéyàwó rí ni?

Ìyàwó tí à ń sìn lọ sílé ọkọ, a kì í júwe àdúgbò fún un kó máa wá a kiri. Àwọn ará ilé ọkọ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n ti tún yàrá ṣe. Àwọn tó ń sìn ín mọ ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí kì í bá a lára mu. Wọ́n á fa ọwọ́ rẹ̀ lé ìyá ọkọ lọ́wọ́, ìyá ọkọ á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á. Wọ́n á bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ìròyìn á padà sílé pé ó ti dé, ara rẹ̀ le. Ohun tí àwọn dókítà ń bèèrè gan-an nìyẹn: kí ọsibítù tó fẹ́ gba aláìsàn ti gbọ́ kó tó dé, kí bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀, kí ìwé sọ ohun tí wọ́n ti ṣe fún un, kí èsì sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an wá. Èwo nínú ìtọ́kasí ló gba gbogbo ìyẹn?

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya ti pàjáwìrì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tó kàn fẹ́ lọ rí dókítà ojú. N kò rí ìwúlò rẹ̀. Ọ̀kan yá ju èkejì lọ, ó parí.

Ìwé náà ni kí a dúró lé lórí díẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fà ya láàárín ìwé ọmọ iléèwé. Orúkọ obìnrin náà wà lókè, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo aláìsàn yìí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kò sí oṣù oyún, kò sí aago tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àpò ọkọ rẹ̀ ló bá dé, òógùn sì ti pa yíǹkì rẹ́ níbi tí wọ́n ti ká a. Bẹ́ẹ̀, aboyún tí ìfúnpá rẹ̀ ga tí gìrì sì fẹ́ mú, ilé ìwòsàn alábọ́dé lè ti gún un ní magnesium sulphate, abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì, kí wọ́n tó gbé e lọ. Bí ẹni tó gbà á kò bá mọ iye tí wọ́n fún un àti aago tí wọ́n fún un, tó tún gún òmíràn lé e, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbà á là lè dá èémí rẹ̀ dúró.

Ti ibà Lassa tún wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí àrùn náà ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń gbé àwọn tó mú lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "ó lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná", tó láti mú kí ẹni tó fẹ́ gbà á wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn ni àrùn náà ń gbà ran òṣìṣẹ́ ìlera.

Kì í ṣe pé a kò mọ èyí rí ní ìpínlẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, gómìnà wa nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyè ní 2009, tí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ṣe ibi ìdánwò, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n kà pé ó ń pa aboyún: ìdádúró nílé, ìdádúró lọ́nà, ìdádúró ní ọsibítù, àti ìdádúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn. Ẹ tún wo orúkọ ètò náà: Abiyè. Kò sí ìyálọ́jà kan l'Ọ́jà Ọba tó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ohun tí àwọn dókítà ń rojọ́ lé lórí báyìí ni pé ẹni tí orí ń fọ́ ń ré ilé ìwòsàn alábọ́dé kọjá lọ sí UNIMED, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, tààrà. Àwọn èèyàn náà ní ìdáhùn: kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe níbi tí kò sí oògùn? Òótọ́ ni wọ́n sọ, òun ló sì fà á tí òfin ìlera ti 2014 fi ní kí wọ́n máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, irú èyí tí ilé ìwòsàn alábọ́dé ń ṣe. Òfin 2022 wá sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Lábẹ́ adójútòfò, bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ilé ìwòsàn tí o forúkọ sí gbọ́dọ̀ gba kóòdù ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó kí ọsibítù ńlá tó gbà ọ́. Ìfàlélọ́wọ́ ti di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, inú mi sì dùn sí i, torí owó nìkan ni àwọn kan ń gbọ́ èdè rẹ̀.

Èsì tó yẹ kó padà ló kù. Fọ́ọ̀mù tó pé máa ń ní ibi tí wọ́n á ya kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó gba aláìsàn kọ ohun tó bá lára rẹ̀, oògùn tó gbé lọ sílé, àti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì Ìgbàrà-Òkè yóò tún wọn ìfúnpá rẹ̀. Wọn kì í sábà ya á. Èmi ò bá ní kí adójútòfò má san kọ́bọ̀ fún ọsibítù ńlá kankan títí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn yóò fi padà dé ibi tí aláìsàn ti wá.