Ìsán ògiri: èyí tó mọ sí pílásítà àtèyí tó ti ìpìlẹ̀ wá

Bí ògiri ilé àtijọ́ bá sán, bíríkílà tí ẹ bá kọ́kọ́ pè á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun po sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹ ní kó ṣe sùúrù ná. Ìsán tó le kì í tìtorí sìmẹ́ǹtì sàn, ńṣe ló máa fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ìka kan ojú ibẹ̀. Bó bá ń dún bí igbá òfìfo, tí ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun, pílásítà lásán ló ṣí. Irú ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ sí Èkó mọ ìyà yìí dáadáa: ògiri amọ̀ máa ń mu omi, á sì tú u jáde, àfi bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ. Omi ò ríbi gbà, ni pílásítà bá wú.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìsán tó ń gun ògiri bí àtẹ̀gùn, tó ń gba àárín bíríkì kọjá. Apá kan ilé ló ń rì ju èkejì lọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ lókè, igun ilé ló sábà ń rì; bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, àárín ògiri ni. Ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: gọ́tà tó fọ́, páìpù tó ń jò, ṣálángá, igi ńlá. Omi lèmi máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ilẹ̀ amọ̀ a máa wú lójò, a sì sún kì lẹ́ẹ̀rùn.

Ti orí fèrèsé yàtọ̀: ó lè jẹ́ pé ikán ti jẹ igi tó gbé bíríkì dúró níbẹ̀.

Ẹ fi rúlà wọn fífẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kò tó mìlímítà 1 kì í sábà le. Bó bá ti ju 5 lọ, ilẹ̀kùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bó bá ju 25 lọ, ẹ kó jáde, kẹ́ ẹ pe ẹnjiníà.

Ṣùgbọ́n ìsán tó ṣì ń rìn ló burú ju èyí tó fẹ̀ lọ. Ẹ ha pílásítà ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i. Bí dígí bá fọ́, ilé ṣì ń rìn nìyẹn. Bó bá la òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn já láìfọ́, ẹ lè wá ránṣẹ́ sí bíríkílà yẹn.