Ìrìnàjò ọjà sí Guangzhou: láti ọjọ́ tí ọjà máa wọ Èkó ni wọ́n ti ń kà á padà

Oníṣòwò tó fẹ́ ta bàtà àti báàgì lásìkò Kérésìmesì, tó wá jẹ́ pé oṣù kẹwàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ rà wọ́n ní Guangzhou, ní gúúsù Ṣáínà, ó ti pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá gba owó àsansílẹ̀ lónìí sábà máa ń lo ọjọ́ 30 sí 45 kó tó parí iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tó gbéra láti gúúsù Ṣáínà máa lo bí oṣù kan ààbọ̀ kó tó dé Apapa tàbí Tin Can, ìgbà míì sì wà tó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílíárìn náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjà tí wọ́n bá sanwó sí lórí ní 20 oṣù kẹwàá, inú ọdún tuntun ló máa wọ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àwọn oníbàárà ti ná owó wọn tán. Ẹni tó bá ń fojú sọ́nà fún ọjà Kérésìmesì, oṣù kẹfà tàbí oṣù keje ló yẹ kó ti wà lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyí tí ìmúrasílẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn wá. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ọjọ́ tí ọjà gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ, wọ́n á yọ ọjọ́ kílíárìn kúrò, wọ́n á yọ ọjọ́ orí omi àti ọjọ́ iṣẹ́, ibi tí ìṣirò náà bá já sí ni wọ́n á ti lọ wá físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo kàlẹ́ńdà àwọn ará Ṣáínà. Ọdún tuntun tiwọn máa ń bọ́ sáàárín 21 oṣù kìíní sí 20 oṣù kejì. Lásìkò náà, àwọn òṣìṣẹ́ á ti gba ìlú abínibí wọn lọ, ilé-iṣẹ́ á sì wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, bóyá jù bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá náà, ìsinmi gígùn kan tún wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ bá Canton Fair, ìpàtẹ ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ní Guangzhou láti ọdún 1957. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni: oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún, àti oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá. Ìpele mẹ́ta ló ní, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní irú ọjà tirẹ̀. Ìpele kìíní ni ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ọkọ̀ àti irinṣẹ́. Ìkejì ni ohun èlò ilé, ohun ìkọ́lé àti àga. Ìkẹta ni aṣọ, bàtà, báàgì àti ohun ìṣeré ọmọdé. Oníbàtà tó bá ṣìnà wọ ìpele kìíní, àárín jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa rìn kiri, tòun ti owó hòtẹ́ẹ̀lì tó ti gbówó lórí nítorí ìpàtẹ náà.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn. Páspọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà lórí àti ojú ewé tó ṣófo. Físà M ni ti òwò. Ó ń béèrè ìwé ìpè, ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì Canton Fair lè gba ìwé ìpè níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí ìpàtẹ, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ ọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ìwé ìpè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Tí òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú bá béèrè ẹni tó pè é àti ohun tó fẹ́ rà, tí àlejò wá ń wò sùn-ùn, ó lè tibẹ̀ padà sílé. Ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò ni kí wọ́n ti gbà á, kí yẹ́lò káàdì sì wà lọ́wọ́. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ayé ẹni, nítorí náà kò sídìí láti tún un gbà torí pé ọdún mẹ́wàá ti pé.

Orí fóònù ni wàhálà pọ̀ sí jù. WhatsApp, Google, Gmail àti Facebook kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp, tó sì ti ṣèlérí pé òun á máa ya fọ́tò ọjà ránṣẹ́, yóò bálẹ̀ tán, á rí i pé fóònù òun ti yadi. Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ láti ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Káàdì SIM Nàìjíríà tí wọ́n ti ṣí roaming sí lórí, ìyẹn lílo láìní ilẹ̀ òkèèrè, máa ń jẹ́ kí WhatsApp ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ni dátà náà ń gbà kọjá. Owó rẹ̀ ló wọ́n. Àwọn míì ń gbé VPN, áàpù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣí ìkànnì tí wọ́n dí, sórí fóònù kí wọ́n tó gbéra, torí pé wíwá a lọ́hùn-ún le púpọ̀.

WeChat ni àwọn oníṣòwò Ṣáínà ń lò, fún ọ̀rọ̀ àti fún owó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i sábà máa nílò ẹlòmíì tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, tó máa fi fóònù tirẹ̀ ya àmì kan láti jẹ́rìí sí i. Nílùú Èkó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ní pápákọ̀ òfurufú Guangzhou ní aago mẹ́ta òru, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Kí wọ́n tún gba èdè Ṣáínà sórí áàpù ìtumọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì gba káàdì hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi lẹ́tà Ṣáínà kọ àdírẹ́sì sí. Awakọ̀ takisí kò lè ka lẹ́tà tiwa.

Ní ti owó, bébà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Alipay, áàpù ìsanwó, àti WeChat ni wọ́n fi ń ra omi, tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti ọdún 2023 ni àlejò ti lè so káàdì Visa tàbí Mastercard ilẹ̀ òkèèrè mọ́ wọn. Káàdì dọ́là orí àkáǹtì domiciliary ni kí wọ́n so mọ́ ọn, kí wọ́n sì dán an wò nílé. Ẹni tó bá gbé dọ́là bébà dání, kó rántí ààlà méjì: tó bá ju dọ́là 10,000 lọ, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà, tó bá ju 5,000 lọ, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ti Ṣáínà.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí. Láàárín wákàtí 24 tí àlejò bá dé, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é fún ẹni tó wọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wọ̀ sílé ará tàbí ọ̀rẹ́ ní Xiaobei tàbí Sanyuanli, àwọn àdúgbò kan ní Guangzhou, òun tàbí onílé gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá fúnra wọn. Páspọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà lára nígbà gbogbo. Tí ọjọ́ físà bá pé tí èèyàn kò lọ, ìtanràn 500 yuan, owó Ṣáínà, ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé 10,000, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé.

Nínú ọjà gan-an, ẹ̀rọ ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta bàtà máa tẹ 46, ìyẹn iye yuan tó fẹ́ gbà, á yí i sọ́dọ̀ oníbàárà. Oníbàárà á tẹ 28. Ọmọbìnrin náà á mi orí, á tẹ 42. Ẹni tó bá ń bá a já a lórí owó nìkan lè wà níbẹ̀ dalẹ́. Ẹni tó mọwọ́ ọjà máa bi í pé: mélòó ni mo gbọ́dọ̀ rà kó tó di 34? Iye ọjà tó kéré jù tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe ni owó rẹ̀ so mọ́. Lẹ́yìn náà ló máa yọ téèpù jáde láti wọn páálí. Ká ní páálí náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 40 ní gíga, kúbíìkì mítà 0.12 ló ń gbà. Kọ́ńténà ẹlẹ́sẹ̀ 20 máa ń gbà tó kúbíìkì mítà 28, èyí tó jẹ́ páálí 233. Tí bàtà 24 bá wà nínú páálí kan, owó ọkọ̀ àti kílíárìn máa pín sórí bàtà 5,592. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń mọ iye tí bàtà kan dúró lé lórí. Bàtà tí owó rẹ̀ rọ̀ jù lórí àtẹ lè wá wọ́n jù tí páálí rẹ̀ bá tóbi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, wọ́n á kọ proforma invoice, ìwé tó sọ ọjà, iye rẹ̀ àti owó rẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ṣe é. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n san 70 tó kù kí ọjà tó wọ kọ́ńténà. Orúkọ orí àkáǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ bá orúkọ orí ìwé náà mu, kí èdìdì pupa ilé-iṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n sanwó sí àkáǹtì èèyàn kan, tàbí tí ímeèlì kan bá ṣàdédé dé pé àkáǹtì ti yí padà, kí oníṣòwò fi fóònù pe ẹni tó bá nájà kó tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Proforma yìí náà ni báǹkì nílé máa fi ṣí Form M, ìwé tí òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó ń kó ọjà wọlé ní. Ìwé ẹ̀rí SONCAP, tó ń fi hàn pé ọjà bá ìlànà Nàìjíríà mu, náà gbọ́dọ̀ wà fún àwọn ọjà tí òfin kàn. Wíwá a lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti ṣí ló ń sọ ọjà di ẹlẹ́wọ̀n ní pọ́ọ̀tù.

Nínú àpò, kí súkẹ́ẹ̀tì tó ń yí ẹnu wáyà padà wà, torí pé ẹnu onígun mẹ́rin mẹ́ta tiwa kò wọ ara ògiri wọn. Páwà báǹkì, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e wọ bàálù. Ẹrù ẹlòmíì, ì báà ṣe oògùn tàbí èlùbọ́, kí wọ́n má gbà á. Gíráàmù 50 heroin lè já sí ikú ní Ṣáínà, ó sì ṣòro kí adájọ́ gba ọ̀rọ̀ pé ẹlòmíì ló di àpò náà.

Kí oníṣòwò tó kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti yan ẹni tó máa lọ yẹ ọjà wò kó tó san ìdá 70, kó sì fi bàtà kan nínú sánpù tó fọwọ́ sí sílẹ̀ fún un, kó mú ìkejì wálé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù, ẹni náà máa ya fọ́tò kọ́ńténà lórí òfìfo, nígbà tó dé ìlàjì, àti nígbà tó kún. Èyí tó kẹ́yìn ni fọ́tò ilẹ̀kùn tí wọ́n ti pa dé, tí nọ́ńbà kọ́ńténà àti nọ́ńbà síìlì hàn ketekete, kí wọ́n lè fi wé èyí tó wà lórí Bill of Lading, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ lórí ẹrù náà.